Omi Jẹ́ríkò àti Omi Ajáh

Kíkà: II Àwọn Ọba 2:19–22, Deuteronomi 23:12–14

Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ láti tan jẹnẹrétọ̀, kí omi lè gun orí táǹkì kí àwọn ọmọ tó lọ sí ilé ìwé. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de mẹ́ruwà lẹ́nu géètì tí kò sì tètè dé. Olúwa yóò sọ agbára yín dọ̀tun.

Akọ̀wé wa ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú fún ìwé ìròyìn ti oṣù mẹ́ta yìí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí Rúùtù àti Náómì, mo sì ti kọ ọ́ dé ìdajì. Mo gbé e tì. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, bí n kò bá sì sọ ọ́ fún ẹ̀yin, n kò mọ ẹni tí n óò sọ ọ́ fún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín sí ibi tí mo kọ sókè yìí. Olúwa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Èlíjà lọ sí òkè ọ̀run ni. Èlíṣà padà dé Jẹ́ríkò, àwọn ọkùnrin ìlú náà sì tọ̀ ọ́ wá. Wọn kò wá tọrọ oúnjẹ, wọn kò sì wá tọrọ owó. Wọ́n ní kí wòlíì wò ó fúnra rẹ̀, ibi tí ìlú àwọn wà dára, ojú rẹ̀ sì rí i, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ ni kò dára, ilẹ̀ kò sì mú èso jáde. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn ọkùnrin ni ó lọ sọ ọ́. Láti ìgbà Rèbékà títí dé obìnrin ará Samáríà, obìnrin ni a ń bá létí kànga nínú Bíbélì. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn ìyá Jẹ́ríkò ti ráhùn nínú ilé títí kí àwọn baálé tó gbéra.

Bí a bá yọ orúkọ Jẹ́ríkò kúrò nínú ẹsẹ yìí tí a sì fi Ajáh sí i, ta ni yóò mọ̀? Ibi tí a tẹ̀dó sí yìí dára. Òkun wà ní ọwọ́ kan, ọ̀sà wà ní ọwọ́ kejì, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Láti Ìkọ̀tà dé Láńgbàsá, láti Bàdóòrè títí lọ dé Ṣàngótẹ̀dó, ilé tuntun ni à ń rí lójoojúmọ́, ilẹ̀ ibẹ̀ sì wọ́n bí wúrà. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí a fi mábù tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ìyàwó ilé ti ń já omi ọ̀rá láti fi fọ ẹnu.

Àwọn àgbà inú wa mọ̀ nípa omi Ìjú. Ọdún 1915 ni wọ́n ṣí i, ní ayé Lugard. Ilé iṣẹ́ omi Àdìyán tẹ̀lé e ní ọdún 1991, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa pèsè 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Odò Ògùn ni àwọn méjèèjì ti ń fa omi, ní apá ibi tí Èkó ti bá Ìpínlẹ̀ Ògùn pààlà. Ẹ wo bí ibẹ̀ ti jìnnà sí wa tó. Nígbà tí ìjọba ológun wó Mároko ní oṣù keje ọdún 1990, tí díẹ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ sì kó wá sí ilé Ìlàsàn àti ti Ìkọ̀tà, igbó àti ẹrẹ̀ ṣì pọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa. Láti ìgbà náà, ènìyàn ń pọ̀ sí i ju bí páìpù ti ń gùn lọ. Nítorí náà olúkúlùkù gbẹ́ kànga tirẹ̀.

Nígbà tí mo ń kọ́ni ní ìwé kẹrin, mo máa ń da òróró sórí omi nínú gíláàsì kí àwọn ọmọ lè rí bí èyí tí ó fúyẹ́ ti ń léfòó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni omi òjò tí ó rì sínú iyanrìn ṣe ń léfòó lórí omi òkun lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Omi dídùn náà kò nípọn. Bí a bá fi ẹ̀rọ fa a jù, tí ojú rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, omi iyọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ lè gòkè tó ogójì ẹsẹ̀ bàtà. Ìdí nìyí tí kànga ẹlòmíràn fi dùn ní ọdún tí ó gbẹ́ ẹ, tí ó sì korò lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Irin náà wà nínú ilẹ̀ wa. Omi yóò jáde ní mímọ́ gaara, bí ó bá jókòó díẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, yóò di pupa bí omi èèpo igi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń fọ aṣọ funfun ti ẹgbẹ́ wa.

A ń pariwo lórí iyọ̀ àti irin nítorí pé ahọ́n ń tọ́ ọ wò, ojú sì ń rí i. Èyí tí ń pani kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn. Orí èyí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ní ọdún 2003 ni èmi àti baba àwọn ọmọ mi, tí ó ti sùn nínú Olúwa báyìí, fi owó àjọ àti owó tí a yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kọ́ ilé wa. Kànga wà níwájú, nítòsí géètì. Bíríkìlà ní kí sókàwéè wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ògiri, kí ó lè jìnnà sí kànga. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, inú mi sì dùn. Mo tilẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nínú ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, pé bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Igbó ni ó wà lẹ́yìn ògiri nígbà náà. N kò bi ara mi pé ta ni yóò ra igbó náà.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, tọkọtaya kan kọ́ ilé síbẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, ènìyàn dáadáa sì ni wọ́n. Màmá Tíṣà ni ìyàwó ń pè mí. A máa gbé ẹran wá fún mi nígbà Iléyá, èmi náà a máa gbé ìrẹsì Kérésìmesì lọ. Ẹ̀yìn ògiri mi ni wọ́n gbẹ́ kànga wọn sí, kí ó lè jìnnà sí sókàwéè tiwọn tí ó wà níwájú. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni ó wà láàárín kànga wọn àti sókàwéè mi. Mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Mo dúró lórí bákónì mi, mo ń kí wọn kú iṣẹ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àrùn onígbáméjì, èyí tí a ń pè ní kọ́lẹ́rà, ti wọ ìlú. Etí-Ọ̀sà tiwa wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n dárúkọ, pẹ̀lú Erékùṣù Èkó, Kòsọ́fẹ́ àti Ìkòròdú. Ní àkókò yẹn ni ọmọ wọn kékeré, ọmọ ọdún mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ sí yàgbẹ́ gbuuru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọ inú, bí ó bá sì sunkún, omijé kò jáde. Èmi ni mo fi ọkọ̀ mi gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, mo gbàdúrà. Ní ọjọ́ Àìkú a dárúkọ ọmọ náà nínú ìpàdé kíláàsì, mo sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún un. Ọlọ́run gbọ́. Wọ́n fa omi sí i lára, ọmọ náà yè.

Lẹ́yìn èyí ni wolé-wolé wá yẹ àdúgbò wò. Ó wo kànga wọn, ó gun orí búlọ́ọ̀kù kan, ó bojú wo ẹ̀yìn ògiri, ó ní, “Ta ni ó ni sókàwéè yìí?” Mo ní, “Èmi ni.” Ó wò mí, ó wo kànga, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì lọ. Kò bá mi wí. Ìbá sàn kí ó bá mi wí.

Ẹ̀yin ìyá, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé sókàwéè mi ni ó kó àìsàn bá ọmọ náà. Ó lè jẹ́ omi mìíràn, ó lè jẹ́ ohun tí ó jẹ níta. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo mọ̀. Omi tí obìnrin yẹn fi ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, kí ó tó fi orí balẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ẹ̀gbẹ́ ìgbọ̀nsẹ̀ mi ni ó ti ń sun. Èmi kan náà ni mo ń gba ààwẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí tíṣà kì í fẹ̀yìn tì tán. Púlọ́ọ̀tì kan ní Èkó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera máa ń sọ ni pé kí kànga jìnnà sí sókàwéè tó mítà 30, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Mo mú bébà, mo ya púlọ́ọ̀tì mẹ́fà sí i, mẹ́ta kọjú sí títì kan, mẹ́ta kọjú sí èkejì, mo sì jókòó tì í títí di alẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo rí tí ìṣirò náà fi bọ́ sí i: kí gbogbo wọn gbẹ́ kànga síwájú, kí gbogbo wọn sì gbẹ́ sókàwéè sẹ́yìn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá yí tirẹ̀ padà, kànga ẹlòmíràn ti bàjẹ́. Ní Ajáh tí a kì í gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà kí a tó kan omi, tí sókàwéè sì ń kún fúnra rẹ̀ nígbà òjò, bébà mi tilẹ̀ ń ṣàánú wa ni.

Ọlọ́run kò ka irú ọ̀rọ̀ yìí sí ohun tí ó rẹlẹ̀ jù fún òun. Nínú Deuteronomi, Mósè ní kí ọmọ Ísírẹ́lì mú ohun ìwalẹ̀ dání, kí ó jáde sẹ́yìn ibùdó, kí ó gbẹ́ ilẹ̀, kí ó sì bo ohun tí ó ti ara rẹ̀ jáde, nítorí pé Olúwa ń rìn káàkiri láàárín ibùdó. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀yìn ibùdó ni Mósè wí. Kò ní ẹ̀yìn àgọ́ rẹ. Ẹ̀yìn àgọ́ rẹ lè jẹ́ iwájú àgọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ padà wo ohun tí Èlíṣà ṣe. Ó ní kí wọ́n mú àwo tuntun wá, kí wọ́n sì fi iyọ̀ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ sí orísun omi náà, ibẹ̀ ni ó sì da iyọ̀ sí. Kò lọ láti ilé dé ilé kí ó máa gbàdúrà sórí ìkòkò omi olúkúlùkù. Ìkòkò mi ni èmi ti ń gbàdúrà sí láti ọdún wọ̀nyí wá. Wòlíì náà sì sọ pé ikú kì yóò ti inú omi náà wá mọ́. Àwọn ará ìlú ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí kò so èso, wòlíì ní tirẹ̀ dárúkọ ikú. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí lọ da iyọ̀ sí kànga o. Ní Lẹ́kkí àti Ajáh, iyọ̀ ti tó wa.)

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1854 kọ́lẹ́rà jà ní àdúgbò Soho ní London, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Dókítà John Snow sọ pé inú omi ẹ̀rọ kan ní Broad Street ni ó ti ń wá, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Àlùfáà ọ̀dọ́ kan wà níbẹ̀, Henry Whitehead, tí kò gba ọ̀rọ̀ dókítà náà gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ilé dé ilé láàárín àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó lè fi hàn pé irọ́ ni. Òun gan-an ni ó wá rí òótọ́ náà. Nínú ilé kan tí ó sún mọ́ ẹ̀rọ omi náà, ìyá kan ní ọmọ ọwọ́ tí ń yàgbẹ́ gbuuru. Ó fọ ìlédìí ọmọ rẹ̀, ó sì da omi rẹ̀ sí kòtò ẹ̀gbin ilé. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, kòtò náà kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí kànga, bíríkì rẹ̀ sì ti jẹrà. Mo ro ti obìnrin náà púpọ̀. Ohun tí ó ṣe kò ju èyí tí gbogbo abiyamọ ń ṣe lọ. Ọmọ rẹ̀ sì kú.

Kí a tó dé orísun, àwọn ọmọ ní láti mu omi lónìí. John Wesley fúnra rẹ̀ kọ ìwé ìtọ́jú ara ní ọdún 1747 fún àwọn tí kò lè san owó dókítà, nítorí náà n kò tọrọ àforíjì pé mo ń sọ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná nínú ìwàásù. Álọ́ọ̀mù a máa mú kí ìdọ̀tí rọ̀ sísàlẹ̀, kì í pa kòkòrò. Kí omi tí ẹ bá fi álọ́ọ̀mù sí ṣì lọ sórí iná. Ẹ jẹ́ kí ó hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan, kí ó sì tutù nínú ìkòkò tí ẹ fi sè é, pẹ̀lú ọmọrí lórí rẹ̀. Sísè kì í mú iyọ̀ kúrò, kì í sì í mú irin kúrò, nítorí náà bí omi bá ṣì korò lẹ́yìn tí ẹ sè é, ẹ má rò pé ẹ kò sè é tó. Mo mọ̀ pé gáàsì wọ́n. Bí omi bá mọ́ gaara, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò oníke tí ojú ń rí inú rẹ̀, tí kò ju lítà méjì lọ, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn gangan fún wákàtí mẹ́fà. Bí ìkuukùu bá bo ojú ọ̀run, ọjọ́ méjì ni. Oòrùn yóò pa kòkòrò inú rẹ̀. Nígbà òjò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí. Oògùn omi tí a ń tà ní kẹ́mísìtì wà, oníhóró àti olómi. Ẹ ka ìwé tí ó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún. Ẹ má wo ìwọ̀n tí aládùúgbò yín ń lò, nítorí agbára wọn kò dọ́gba, ẹ má sì lo blíìṣì olóòórùn dídùn rárá. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, bí ọmọ bá ti ọwọ́ bọ inú ike omi, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kẹ́ẹ̀gì ọlọ́rùn tóóró, tàbí ike tí ó ní ẹnu ẹ̀rọ, ni kí ẹ fi pamọ́. Ní ti omi ọ̀rá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, ẹ má sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó tò ó sínú oòrùn.

Mo ti ń ṣe gbogbo ìyẹn nínú ilé mi kí wolé-wolé tó dé. Omi tèmi mọ́. Èyí gan-an ni ó ń dà mí láàmú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Mo ń sọ fún ara mi pé ọmọ ti yè, kí ló tún kù? Mo ń sọ pé wọn yóò pè mí lẹ́jọ́, pé obìnrin àgbà kì í tú àṣírí ara rẹ̀ fún ẹni tí ó tó ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan mo wọ bàtà mi, mo lọ. Mo sọ ọ́ fún un bí ó ti rí, láti ọjọ́ tí mo dúró lórí bákónì. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó sáré gbá mi mú. Ó ní, “Háà, Màmá Tíṣà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, ọmọ yín ni mí.” Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ pẹ́. N kò mọ ohun tí ó ń rò, ẹ̀rù sì bà mí.

Nígbà tí ó ṣe, ó ní, “Màmá, ẹ wá wo nǹkan.” Ó mú mi lọ sí iwájú ilé rẹ̀, ó fi sókàwéè tirẹ̀ hàn mí. Ó ní kí n bojú wo ẹ̀yìn ògiri kejì. Kànga ìyá àgbà kan tí ń din àkàrà ni ó wà níbẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń ra àkàrà rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ó ní, “Láti ọjọ́ tí wolé-wolé ti wá ni èmi náà kò ti sùn.”

Àwa méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ ìyá alákàrà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Báyìí, ilé márùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn. Mo ti kọ́ kòtò tuntun tí a rẹ́ inú rẹ̀ kí ó má ṣe jò, tí ọkọ̀ yóò máa wá fa ẹ̀gbin rẹ̀, ó sì jẹ owó ìfẹ̀yìntì mi dáadáa. Ilé mẹ́rin ti dáwó fún kànga dẹ̀rọ kan tí yóò jìn, tí a óò gbẹ́ sí ibi tí ó jìnnà sí sókàwéè gbogbo wa, tí a óò máa fi oògùn sí, tí a óò sì yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Onílé karùn-ún wà ní London. A ti kọ̀wé sí i, kò tíì fèsì, a óò sì tún kọ.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ti bá ilé àyẹ̀wò kan sọ̀rọ̀. Ní ìpàdé wa ti oṣù tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìgò omi kan wá láti inú kànga ilé rẹ̀. Ẹ má lo ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ilé àyẹ̀wò yóò fún wa ní ìgò tuntun tí kòkòrò kò sí nínú rẹ̀, ẹ wá gbà á lọ́wọ́ akọ̀wé kí ọ̀sẹ̀ ìpàdé tó dé. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ bu omi sí i, nítorí omi tí ó bá ju wákàtí 24 lọ kò ní sọ òtítọ́ mọ́. Ẹ má kọ orúkọ yín sára ìgò. Orúkọ àdúgbò yín ni kí ẹ kọ. Tèmi àti ti aládùúgbò mi yóò wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé tirẹ̀ wá, ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn tí ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Èmi ni arábìnrin yín nínú Olúwa,
Màmá Tíṣà, Ajáh.